Genesis tòkunbọ̀: àdápútà wo ni kí n rà, kí ló dé tí àwòrán ò ní àwọ̀, àti ibi tí X-Men há mi sí

PáàdìTákíè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Ìbéèrè mi pọ̀ díẹ̀, ẹ má bínú.

Sega Genesis ti Amẹ́ríkà kan, ẹ̀rọ gémù àtijọ́, ló wà lọ́wọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tòkunbọ̀ ni. Model 1 ni, èyí tó ní ihò hẹ́dífóònù níwájú. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló bá a wá: X-Men ti ọdún 1993, Spider-Man ti ọdún 1991 tí Sega ṣe, àti Maximum Carnage tí ike rẹ̀ pupa fòò. Kò sí àdápútà nínú páálí. Mo yá 9V kan, ó tàn, mo ti dá a padà fún olówó ẹ̀.

Àdápútà ráútà wà nílé, 12V, 1A, ẹnu ẹ̀ sì wọ ihò Genesis yìí ṣinṣin. Ṣé kí n máa lò ó lọ?

Lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ẹlẹ́yìn ńlá, dúdú òun funfun ni àwòrán ń jẹ́ jáde. Lórí tẹlifíṣọ̀n LED tuntun, àwọ̀ wà, àmọ́ àwọn nǹkan tó yẹ kó máa ṣẹ́jú wàì-wàì lójú gémù ń pòórá tàbí kó di ìlà-ìlà. Maximum Carnage ní tiẹ̀, lónìí ó wọlé, lọ́la ojú dúdú.

Ìyókù ni X-Men. Ó wà lórí R36S mi náà, ẹ̀rọ gémù àfọwọ́gbé, mo sì ti bá a dé ìpele tí wọ́n ń pè ní Mojo's Crunch. Mo ti fọ́ gbogbo ohun tó ṣeé fọ́ níbẹ̀. Aago ń kà sísàlẹ̀, wọ́n ní kí n tún kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀, mi ò sì rí kọ̀ǹpútà tó ní bọ́tìnnì kankan. Àbí fáìlì yẹn ló bàjẹ́ ni?

Lẹ́ẹ̀dìGbígbóná

Àbúrò, má ki àdápútà ráútà yẹn bọ̀ ọ́ o. Ẹnu tó wọ̀ kọ́ ni iná tó bá a mu.

Ẹnu ráútà àti ihò Genesis Model 1, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, 5.5 mm níta, 2.1 mm nínú. Ibi tí ewu wà nìyẹn. Ti ráútà, pósítíìfù ló wà láàárín, négétíìfù ló wà níta. Ti Model 1, òdì kejì ni: négétíìfù láàárín, pósítíìfù níta. Wo ara àdápútà èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé fún ẹ, wàá rí àwòrán kékeré kan, òbìrí tó lanu bíi C, tóńtó kan sì wà láàárín ẹ̀. Bí ìlà tó ti ara tóńtó jáde bá lọ sí àmì ìyọkúrò, tí ìlà ara C lọ sí àmì ìròpọ̀, òun là ń wá.

12V náà tún pọ̀ jù. Nínú Model 1, 7805 méjì ni wọ́n fi skrúù dè mọ́ irin pẹlẹbẹ kan. Àwọn ló ń sọ iná tó wọlé di 5V, èyí tó bá ṣẹ́kù, ooru ni wọ́n ń sọ ọ́ dà. Ká ní ẹ̀rọ náà ń fa ampere kan: bí 9V bá wọlé, 4V ló ṣẹ́kù, ìyẹn wáàtì 4 tó di ooru. Bí 12V bá wọlé, wáàtì 7. Nínú ooru oṣù kẹta níbí, tí NEPA ti mú iná fáànù lọ, tó o wá ń fi ínfátà gbá gémù, ṣe lo máa rí i tí gémù á dì gbagidi láàárín eré, wàá rò pé kásẹ́ẹ̀tì ni.

Èyí tó o máa rà: DC 9V, 1.2A tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 5.5 × 2.1 mm, négétíìfù láàárín, kí wọ́n kọ 100–240V sí i lára. Má bẹ̀rù ampere tó bá pọ̀ jù, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ fẹ́ ló máa fà. Fólítì ló ń pa ẹ̀rọ. Ní ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ tó báyìí, má wá a jìnnà: àdápútà tí àwọn onígìtá fi ń gbé pẹ́dàlì, 9V ni, négétíìfù láàárín, ẹnu kan náà. Àmọ́ kà á dáadáa kó o tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju 0.5A lọ, kò sì lè gbé Genesis.

Bí o kò bá rí i, 9V 2A ti gbogbo ayé ni kó o rà. Gé okùn ẹ̀ láàárín, pààrọ̀ wáyà méjèèjì síra wọn, fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ wọ́n, fi rọ́bà bo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí wọ́n má fara kanra. Má tíì kì í bọ nǹkan kan. Gbé mítà, ọwọ́ pupa sínú ihò ẹnu ẹ̀, ọwọ́ dúdú sára ìta. Ó gbọ́dọ̀ fi 9 hàn pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú. Bí àmì yẹn ò bá sí, o ò tíì pààrọ̀ nǹkan kan nìyẹn.

Bí wọ́n bá gbé àdápútà Sega ti Amẹ́ríkà gan-an fún ẹ, 120V ló ń jẹ, má kì í bọ ògiri tààrà, á jóná lójú ẹsẹ̀. Tiransifọ́mà kékeré tó ń sọ 230 di 110, wáàtì 50 sí 100, ti tó fún un. Irin àti wáyà lásán ló wà nínú irú àdápútà bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ń dá fólítì ẹ̀ dúró sójú kan. Bí jẹnẹrétọ̀ kékeré bá gbé iná sókè, òun náà á bá a gòkè. Bí mítà bá fi 12 tàbí 13V hàn nígbà tí kò gbé nǹkan, kò bàjẹ́, á wálẹ̀ tí Genesis bá ń fà á. Ti NES ni kó o sá fún pátápátá, AC ló ń tú jáde, kì í ṣe DC.

Ó ku Maximum Carnage. Bó o bá ń fẹnu fẹ́ ẹ, dáwọ́ dúró. Itọ́ ló ń tẹ̀lé afẹ́fẹ́ yẹn lọ, òun ló sì ń mú eyín kásẹ́ẹ̀tì, àwọn irin ẹnu ẹ̀, dípatà. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ra isopropyl, ọtí tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ, 90% sókè, ìgò kékeré ti tó. Fi òwú ìnutí rẹ́ ẹ, kó tutù, kó má kán. Eyín 64 ló wà lẹ́nu kásẹ́ẹ̀tì náà, 32 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òkè wá sísàlẹ̀ ni kó o máa nù ún, má fà á láti ọ̀tún sósì, kí ìdọ̀tí má ti orí eyín kan bọ́ sórí èkejì. Òwú àkọ́kọ́ á jáde dúdú bí ìdí ìkòkò. Máa pààrọ̀ ẹ̀ títí tí òwú á fi jáde funfun, kó o wá fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó gbẹ.

Bó bá ṣì ń ṣe ségesège lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu Genesis fúnra ẹ̀ ló gbé eruku mì. Ọyẹ́ kan péré ti tó láti kún un. Pa iná, ki kásẹ́ẹ̀tì tó mọ́ náà bọ̀ ọ́, fà á yọ, bí ìgbà mẹ́wàá, kó o tún wá nu kásẹ́ẹ̀tì náà, wàá rí ohun tó kó jáde. Ẹni tó bá ní kó o fi sáńpépà ha eyín náà, má dá a lóhùn. Góòlù orí ẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ohun tó o rò lọ, bó bá ti ṣí, bàbà abẹ́ ẹ̀ ni ìpatà á máa jẹ lọ. Bó o bá fẹ́ tú kásẹ́ẹ̀tì náà, skrúù 3.8 mm olórí àkànṣe ló wà níbẹ̀, sikirudíráfà lásán kò ní mú un.

ÀwọPAL

Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá. Kí n gba ti àwòrán.

Tẹlifíṣọ̀n rẹ kò bàjẹ́, Genesis rẹ náà kò bàjẹ́. Èdè ló yàtọ̀. Genesis ti Amẹ́ríkà ń fi NTSC ránṣẹ́, àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwa níbí, PAL la ń lò, 50. Tẹlifíṣọ̀n tó gbọ́ PAL nìkan á mọ ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn, kò kàn ní mọ bí wọ́n ṣe di àwọ̀ sínú ẹ̀ ni. Ṣí menu tẹlifíṣọ̀n náà, wá Colour System, gbé e kúrò lórí PAL, fi sí Auto tàbí NTSC 3.58. Rímóòtù tó bá a wá lo nílò fún èyí, torí rímóòtù gbogboǹṣe tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń ṣaláìní bọ́tìnnì yẹn. Bí Colour System kò bá sí nínú menu náà rárá, a jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ, LED ni kó o bá lọ.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́ láti lọ ra Mega Drive, orúkọ tí Genesis ń jẹ́ ní Yúróòpù, torí pé PAL ni. Eré tí wọ́n kọ fún 60 tó wá ń rìn lórí 50 ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́fà eré ẹ̀. Spider-Man á wá máa fò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àmàlà yó.

Ti LED: Genesis ń fi ìlà 224 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, férémù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan, dá dúró. Ọ̀pọ̀ LED á rò pé ìdajì àwòrán nìyẹn, wọ́n á so férémù méjì tó tẹ̀léra pọ̀ di ọ̀kan. Ohun tó bá wà nínú férémù kan tí kò sí nínú èkejì, bí òjìji tó ń ṣẹ́jú, á di ìlà-ìlà tàbí kó má hàn rárá. Àpótí AV sí HDMI olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà kiri kò ní wò ó sàn, àṣìṣe kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, wọ́n tún ń fi ìdádúró kún un, kó o tẹ bọ́tìnnì kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Yan Game Mode, pa gbogbo ohun tó ń tún àwòrán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyẹn ló lè dín in kù. Bí ẹlẹ́yìn ńlá yẹn bá gba NTSC, òun ni kó o máa lò, má wo ojú LED mọ́.

Ohùn sítẹ́rìò kì í ti ẹ̀yìn Model 1 jáde o. Ihò hẹ́dífóònù iwájú ló ń gbé e. Okùn 3.5 mm sí RCA pupa àti funfun, ó parí.

KúróòlùNíỌ̀yọ́

Fáìlì rẹ ò ní nǹkan kan tó ṣe é, PáàdìTákíè. O ti dé ibi tó ti ń ya gbogbo èèyàn ní wèrè.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń wí kò sí nínú gémù. Ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì ni. Ìtàn gémù náà ni pé kòkòrò kọ̀ǹpútà Magneto ti wọ inú Danger Room, yàrá tí àwọn akọni ti ń dánra wò. Bí aago bá ti ń kà sísàlẹ̀ ní òpin Mojo's Crunch, bọ́tìnnì RESET ara Genesis gan-an ni kó o nawọ́ tẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́, kó o yọwọ́ kíá, bí ẹni fi ìka tọ́ ìkòkò gbígbóná wò. Ojú á yí, ìpele tó kàn ni Asteroid M, ilé Magneto. Bó o bá di bọ́tìnnì náà mú, gémù á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, kò sì sí pásíwọ́ọ̀dù nínú X-Men yìí tó máa gbé ẹ padà síbi tó o dé.

Ìdí tó fi ṣeé ṣe rèé. RESET kì í pa iná. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà, 68000, ló ń sọ pé kó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú RAM ẹ̀, ibi tó ń fi nǹkan sọ́kàn, 64 KB, wà níbẹ̀ digbí. Gémù ti fi àmì kan pamọ́ síbẹ̀ kó o tó tẹ̀ ẹ́. Bó ti ń jí, ó kọ́kọ́ yẹ àmì náà wò. Bó bá bá a, ó mọ̀ pé ó ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pípa iná àti títàn án kò fi lè ṣiṣẹ́ kan náà: iná tó lọ ti kó àmì lọ.

Lórí R36S, má pa gémù kó o tún un ṣí. Lo Genesis Plus GX, ètò inú RetroArch tó ń ṣe bíi Genesis. Kọ́kọ́ ṣe Save State níbi tí aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kó o lè padà bí ó bá yíwọ́. Wá ṣí menu RetroArch, Quick Menu, Restart. RESET fẹ́ẹ́rẹ́ ni Restart yẹn jẹ́ nínú Genesis Plus GX. Close Content lo gbọ́dọ̀ yẹra fún, pípa iná nìyẹn.

Ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀ wù mí, n kò ní purọ́. Àmọ́ Nomad, Genesis àfọwọ́gbé tí Sega gbé jáde lọ́dún 1995, kò ní bọ́tìnnì RESET lára. Kásẹ́ẹ̀tì X-Men wọ̀ ọ́, ó ń ṣeré lórí ẹ̀ dáadáa, ọ̀dọ̀ Mojo ni ìrìnàjò pin sí. Sega ló ṣe Nomad o, Sega náà ló ta X-Men.

Ti Spider-Man ti 1991, wákàtí 24 ni wọ́n fún ẹ kí bọ́ǹbù Kingpin tó dún. Tó o bá lọ sùn nílé, ara á le, àmọ́ aago ń lọ. Omi tó fi ń ta okùn aláǹtakùn sì máa ń tán, owó lo fi ń ra òmíràn, fọ́tò ni owó náà ti ń wá. Má fi fíìmù ṣòfò lórí àwọn jàǹdùkú ojú ọ̀nà, fi pamọ́ de àwọn ọ̀gá ọ̀tá bíi Doctor Octopus àti Lizard, àwọn ni Daily Bugle ń sanwó gidi fún. Kó o yà á kó o tó nà án, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tó bá ti ṣubú.

PáàdìTákíè

Ha! Restart yẹn ṣiṣẹ́. Asteroid M ti ṣí. Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá mi.

R36S náà ló tún ń ṣe wèrè. Bí mo bá tàn án nígbà míì, orí àmì ìbẹ̀rẹ̀ ló ń dúró sí. Mo fi ArkOS, ètò tó ń gbé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, sí káàdì tuntun, mo da àwọn gémù káàdì àtijọ́ sórí ẹ̀, ó tàn, mo gbọ́ ohùn, ojú ẹ̀ dúdú. Ṣájà fóònù mi tí ẹnu ẹ̀ méjèèjì jẹ́ Type-C kò sì gbé e rárá.

KáàdìPẹlẹbẹ

Káàdì tó bá a wá ló kọ́kọ́ fa ìyọnu. Káàdì aláìlórúkọ tí wọ́n ń kó sínú irú ẹ̀rọ báyìí kì í pẹ́ kú, ọ̀pọ̀ ìgbà kò sì ní fún ẹ ní ìkìlọ̀. Àrùn rẹ̀ nìyẹn, kó dúró sórí àmì ìbẹ̀rẹ̀. O ṣe dáadáa tó o yára dà á kọ.

Ojú dúdú tí ohùn ń jáde, ọ̀rọ̀ fáìlì ojú ẹ̀rọ ni. Irú gíláàsì tí wọ́n fi sínú R36S kò jẹ́ ọ̀kan, wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, ayédèrú R36S sì tún pọ̀. Fáìlì tí orúkọ ẹ̀ parí sí .dtb nínú apá BOOT káàdì náà ló ń sọ fún ẹ̀rọ irú ojú tó ní. Bó o bá fi ArkOS tuntun sí káàdì, .dtb tó bá a wá lè má jẹ́ ti gíláàsì tìrẹ. Fi káàdì àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ṣí BOOT, da gbogbo .dtb ibẹ̀ kọ sí àyè kan, kó o wá fi wọ́n rọ́pò àwọn ti káàdì tuntun. Windows á máa bi ẹ́ pé ṣé kó fọ́ọ̀mátì àwọn apá yòókù. Máa dá a lóhùn pé rárá. Apá Linux ni, òun ni kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó bá gbà fún un, gbogbo iṣẹ́ ti dànù.

Ti ṣájà, kì í ṣe ṣájà ló bàjẹ́. Ṣájà Type-C gidi kì í tú iná sílẹ̀ títí tí ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu okùn á fi dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kò ní résísítọ̀ kékeré méjì tó ń dáhùn náà. Okùn tí ẹnu ẹ̀ kan jẹ́ USB ńlá àtijọ́, kí ṣájà ẹ̀ jẹ́ 5V lásán, á gbé e. Má fi ti kíákíá sí i.

Bí o bá ń ṣeré Genesis lórí ẹ̀, lọ sí Settings, Video, Scaling, tan Integer Scale. Ojú R36S jẹ́ 640 × 480. Genesis jẹ́ 320 × 224, ìlọ́po méjì ẹ̀ jẹ́ 640 × 448, ó kún ojú láti ọ̀tún dé òsì, ìlà dúdú 16 ló ṣẹ́kù lókè, 16 nísàlẹ̀. Kò sí píksẹ́lì tó fẹ̀ ju ìkejì ẹ̀ lọ, lẹ́tà kéékèèké X-Men á ṣeé kà. GBA, 240 × 160, á di 480 × 320, ìyẹn kéré díẹ̀ lójú mi, ẹlòmíràn á fi í sílẹ̀ kó kún. Game Boy ló bára mu jù lẹ́yìn Genesis, 160 × 144 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 480 × 432. Batman ti Sunsoft lórí ẹ̀ ṣì dùn.

Kí n tó gbàgbé, bó o bá fẹ́ gbá Marvel vs. Capcom lórí R36S, má wá ti PS1. PS1 ní 2 MB RAM péré, kò rí àyè kó akọni mẹ́rin àti gbogbo ìṣe wọn sí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà wọ́n gé pípààrọ̀ akọni láàárín ìjà kúrò nínú eré gbogboǹgbò ẹ̀. Ti CPS-2, ẹ̀rọ ńlá ilé ìgbá-gémù gan-an, ni kó o wá, pẹ̀lú FinalBurn Neo, ètò tó ń ṣe bíi ẹ̀rọ náà. Kò wúwo fún R36S rárá, pípààrọ̀ sì pé.

KúróòlùNíỌ̀yọ́

Mo fara mọ́ ìyẹn, àyàfi pé ẹni tó bá ní Dreamcast, ẹ̀rọ gémù Sega mìíràn, nílé kò nílò ti CPS-2. RAM 16 MB ni tiẹ̀, pípààrọ̀ wà níbẹ̀. Bó o bá tún ń wá gémù akọni ti SNES, ẹ̀rọ gémù Nintendo, The Death and Return of Superman ti 1994. Blizzard ló ṣe é, kí wọ́n tó di olókìkí báyìí. Ìjà rẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀ láti ìpele dé ìpele, àmọ́ Superman márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo máa lò.

PáàdìTákíè

.dtb ti kó ojú padà. Okùn USB ńlá gbé e. Mo rí 9V 2A, mo pààrọ̀ wáyà, mítà fi −9.1 hàn. Colour System wà nínú menu ẹlẹ́yìn ńlá, ó ti ní àwọ̀. Maximum Carnage gba òwú mẹ́sàn-án kó tó jáde funfun, ó ń wọlé báyìí. Àmọ́ ẹ̀yìn Genesis náà ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀?

Lẹ́ẹ̀dìGbígbóná

7805 méjèèjì ló ń mí yẹn, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, bó o bá lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e kó o kà dé ogún láìyọwọ́, kò sí nǹkan. Bó bá ń jó ẹ lọ́wọ́, pa á, tún 9V yẹn wọ̀n nígbà tí ẹ̀rọ wà ní títàn. Má sì gbé e sórí àga onítìmùtìmù, orí tábìlì ni, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ẹ̀.